Ta Ló Tì Í? Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Àpọ́nlé Nínú Passive Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Lẹ́tà kan dé ilé wa ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ní sáà kejì. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni ó mú un bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi mú un, nítorí pé ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì tí a rẹ sínú omi. Bírìkìlà ni bàbá mi. Wọ́n mọ Yorùbá kà dáadáa, wọ́n sì lè ṣírò iye búlọ́ọ̀kù tí yóò kọ́ yàrá mẹ́rin láì mú bírò, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà fún wọn. Lẹ́yìn ìkíni, ohun tí ó wà nínú lẹ́tà náà kò ju èyí lọ:

"Your ward was accidentally pushed during break. He was promptly attended to. The matter has been thoroughly investigated."

Gbólóhùn mẹ́ta ni. Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú wọn. Bí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa bá rí wọn, yóò fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ fún kíláàsì, nítorí pé passive ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jókòó síbi tí ìwé gírámà ní kí ó jókòó sí, ní kété ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Síbẹ̀, odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni bàbá mi àti èmi fi ka gbólóhùn mẹ́ta yìí. Mo fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò níhìn-ín bí a ṣe ń yẹ ewì wò ní kíláàsì lítíréṣọ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, nítorí mo gbà pé ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ wò nígbàkúùgbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá fi ẹni tó ṣe nǹkan pamọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀: "Wọ́n ṣèèṣì ti ọmọ yín nígbà ìsinmi."

Bàbá mi dìde jókòó. "Olùkọ́ wo ló ti ọmọ mi?"

Ẹ̀rù bà mí, nítorí mi ò dárúkọ olùkọ́ kankan. "Wọ́n" tí mo lò ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Yorùbá kò ní passive. Bí a kò bá mọ ẹni tó ṣe nǹkan, tàbí tí a kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀, "wọ́n" la máa ń lò: wọ́n jí ewúrẹ́ ìyá àgbà, wọ́n ti tún ọ̀nà náà ṣe. Ṣùgbọ́n "wọ́n" kan náà la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ pé "wọ́n" ti ọmọ, àgbàlagbà kan ló wá sí wọn lọ́kàn. Mo ṣàlàyé pé lẹ́tà náà kò sọ ẹni tó tì í rárá.

"Kò sọ ẹni tó tì í," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ó sọ pé ẹni náà kò mọ̀ọ́mọ̀. Báwo ló ṣe mọ̀, bí kò bá mọ ẹni náà?"

Mi ò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà. Mo ti rí i báyìí, inú gírámà ló sì wà.

Ẹ jẹ́ ká fi àwo ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo ọmọ tó ti fọ abọ́ rí ló mọ gbólóhùn yìí: "Àwo náà fọ́." Kò sẹ́ni tó fọ́ ọ o, òun ló fọ́ fúnra rẹ̀, ẹ má bínú. Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú rẹ̀: "The plate broke." Èyí kì í ṣe passive. Passive ni "The plate was broken": a gbé àbọ̀ wá sí ipò olùwà, a fi "was" sí i, olùwà àtijọ́ á wá lọ sẹ́yìn pẹ̀lú "by" tàbí kó kúkú gba ilé lọ. Lójú, gbólóhùn méjèèjì jọra, kò sí olùṣe nínú èyíkéyìí. Ẹ wá fi "deliberately" sí wọn. "The plate was deliberately broken" dún dáadáa. "The plate broke deliberately" ń pani lẹ́rìn-ín, nítorí pé ó sọ àwo di ẹni tó ní ìpinnu. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Yorùbá. A lè sọ pé "Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ àwo náà," ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé "Àwo náà mọ̀ọ́mọ̀ fọ́," àlọ́ ló ń pa.

Ohun tí àpẹẹrẹ kékeré yìí fi hàn ni pé passive kò pa olùṣe rẹ́. Ó kàn bò ó ni. Àga rẹ̀ ṣì wà nínú gbólóhùn náà, ọ̀rọ̀ bíi "deliberately" àti "accidentally" ló sì ń jókòó lé e. Ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn ni irú ọ̀rọ̀ àpọ́nlé bẹ́ẹ̀ ń sọ. Ẹni tó bá kọ "accidentally pushed" ti gbà, bó fẹ́ bó kọ̀, pé ẹnìkan wà tó ti ọmọ náà, àti pé òun mọ èrò ẹni náà. Bàbá mi tí wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe èmi tí mo ti ń kọ́ ọ láti jẹ́lé-ó-sinmi.

Ní Yorùbá, "mọ̀ọ́mọ̀" àti "ṣèèṣì" máa ń wà ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, nítòsí olùṣe: "Ó ṣèèṣì tì í." Àwọn onígírámà wa ń jiyàn lórí orúkọ tí ó yẹ kí a pè wọ́n, nítorí pé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àpọ́nlé wa ń wà, bíi "fòò" nínú "ó pupa fòò." Mi ò ní dá sí ìjà náà. Ipò wọn ni ó dùn mọ́ mi: wọn kì í jìnnà sí ẹni tó ni wọ́n. Ní Gẹ̀ẹ́sì, bí olùṣe bá ti kúrò, ẹni tí wọ́n ṣe nǹkan sí ni ó bọ́ sí iwájú, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé náà sì lè yí ojú sí i. Ẹ wo èyí: "The patient was reluctantly examined." Ta ló ń lọ́ra? Ó lè jẹ́ dókítà tí iṣẹ́ ti rẹ̀, tó fẹ́ máa lọ sílé. Ó sì lè jẹ́ aláìsàn tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Gẹ̀ẹ́sì gba méjèèjì, kò sì sọ èwo. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan: "Dókítà náà lọ́ra kó tó yẹ̀ ẹ́ wò," tàbí "Aláìsàn náà lọ́ra kó tó gbà kí wọ́n yẹ òun wò." Bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá dé kóòtù, ẹ̀bi dókítà ni ọ̀nà kan, ẹ̀rù aláìsàn ni ọ̀nà kejì.

Àwọn oníwèé ìròyìn ní tiwọn fẹ́ràn "allegedly." "The trader was allegedly beaten." Ènìyàn méjì ló fara pamọ́ síbí: ẹni tó lu oníṣòwò náà, àti ẹni tó sọ pé wọ́n lù ú. Yorùbá fi àwọn méjèèjì hàn: "Wọ́n ní wọ́n lu oníṣòwò náà." "Wọ́n" méjì ní gbólóhùn kan, bí ìbejì tí a fi aṣọ bò lójú. Kì í ṣe pé oníròyìn ń purọ́. Kò tọ́ kí ó pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀daràn kí kóòtù tó dájọ́. Ṣùgbọ́n òǹkàwé tó bá sáré fo "allegedly" yóò rò pé òkodoro ọ̀rọ̀ ni òun kà, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀sùn ló kà.

A kì í gbọ́ irú nǹkan wọ̀nyí ní kíláàsì. Ohun tí wọ́n ń fún wa ni gbólóhùn mẹ́wàá láti yí padà. Nínú iṣẹ́ kíláàsì kan, wọ́n ní kí a yí "The crowd beat the thief mercilessly" sí passive. Mo kọ "The thief was mercilessly beaten by the crowd." Ẹnìkejì mi kọ "The thief was beaten by the crowd mercilessly." Àwa méjèèjì gba máàkì kan náà, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí olùkọ́ dúró díẹ̀. Nínú ti ẹnìkejì mi, "mercilessly" ti rìn jìnnà sí lílù náà. Òǹkàwé ní láti la àárín èrò kọjá kó tó bá a. Kò burú ní gírámà, ó kàn ti rọ̀ ni. Ìbéèrè tó tún ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni pé, bí a bá yọ "by the crowd" kúrò, àìláàánú ta ni ó kù nínú gbólóhùn náà? Ó ṣì wà níbẹ̀ gbọingbọin, ṣùgbọ́n kò ní olówó.

Ibi tí a fi ọ̀rọ̀ àpọ́nlé sí náà lè yí ìtumọ̀ padà. "The wall was badly built" túmọ̀ sí pé kí ojú ti bírìkìlà. "The wall badly needs to be built" túmọ̀ sí pé kí a lọ pe bírìkìlà wá. Bàbá mi rẹ́rìn-ín sí èyí gan-an nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ọ̀rọ̀ àkókò bíi "already" àti "never" sì máa ń tẹ̀lé aṣèrànwọ́ àkọ́kọ́, "has never been seen," nígbà tí ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí iṣẹ́ ṣe rí máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀, "has been carefully washed." Ìwé gírámà sọ èyí dáadáa, kò sí ìdí láti tún un sọ.

Gbólóhùn kejì ni ó bí wa nínú jù. "He was promptly attended to." (Ẹ wo "to" tó dá dúró sí ìparí yẹn, bí okùn tí ewúrẹ́ ti já kúrò nídìí rẹ̀.) Mo túmọ̀ rẹ̀: "Wọ́n tọ́jú rẹ̀ kíákíá." Àbúrò mi tó ń fi ọwọ́ kan jẹun gbé orí sókè. Ó ní orí bẹ́ǹṣì iwájú ọ́fíìsì ni òun jókòó sí láti ìgbà ìsinmi títí wọ́n fi lu aago ìparí, àti pé wọ́n fi áńkáṣíìfù tútù di ọwọ́ òun. Aago mọ́kànlá ni ìsinmi wọn. Aago méjì ni wọ́n ń jáde. Wákàtí mẹ́ta.

"Promptly" kò dà bí "accidentally." Kò sọ èrò ọkàn olùṣe fún wa. Máàkì ni. Ẹnìkan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wo iṣẹ́ náà, ó ní ó yá. Ta ni ẹni náà? Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ tàbí olùkọ́ kan pàtó ló tọ́jú rẹ̀ kíákíá, a ó ní ẹni tí a lè lọ bá. Ẹni náà fúnra rẹ̀, bó bá ka lẹ́tà náà, á rántí bẹ́ǹṣì ọjọ́ yẹn, ojú á sì tì í díẹ̀. Nínú passive, ìyìn náà kò ní ojú tí ìtìjú lè wọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ló ṣe ìdánwò, ilé ẹ̀kọ́ ló máàkì í, ó sì fún ara rẹ̀ ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Bí wọ́n bá kọ iye ìṣẹ́jú dípò "promptly," à bá lè wádìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé kò ní aago lọ́wọ́.

Gbólóhùn kẹta: "Wọ́n ti wádìí ọ̀rọ̀ náà fínnífínní." Bàbá mi yíjú sí àbúrò mi.

"Ta ló bi ọ́ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, sà."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ṣàlàyé. Wọ́n ní bí àwọn bá sọ fún onílé pé àwọn ti po sìmẹ́ńtì náà dáadáa, kò ní fi "dáadáa" kọ́lé. Yóò bi àwọn pé àpò mélòó sí yanrìn bárò mélòó. Bí àwọn kò bá rí èsì fún un, yóò mọ̀ pé "dáadáa" náà ni àwọn fi bo yanrìn mọ́lẹ̀. Mo ti ka ohun díẹ̀ nípa ìlò èdè, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. "Thoroughly" sọ pé iṣẹ́ kún, láì sọ ohun tó kún inú rẹ̀. Ìwádìí wo ló jinlẹ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wú?

Síbẹ̀, ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ lẹ́tà náà fún àwọn ọ̀rọ̀ àpọ́nlé rẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n jẹ́ kí a rí ibi tí a ti lè dì í mú. Àwọn tó gbọ́n jù ú lọ kì í fi wọ́n sí i. Ní oṣù Kìíní ọdún 1987, Ronald Reagan, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ń bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ nípa bí ìjọba rẹ̀ ṣe bá Iran lò pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ó sì sọ pé "serious mistakes were made." Àṣìṣe ńlá wà, wọ́n ṣe é, ó tán. Kò sí "deliberately," kò sí "accidentally," kò sí "promptly" kankan tí ènìyàn lè béèrè ìdí rẹ̀. Gbólóhùn náà ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀ lọ́wọ́.

Àwọn olùkọ́ kan á ní kí a kúkú má lo passive mọ́. George Orwell, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, gba irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ nínú àròkọ rẹ̀ ti ọdún 1946 lórí òṣèlú àti èdè Gẹ̀ẹ́sì: bí ibi tí a ti lè yẹra fún un bá wà, kí a yẹra. Ṣùgbọ́n passive wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ gan-an tí òun fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ náà, "generally" sì wà ní àárín rẹ̀. Mi ò ní fi ẹ̀tàn kàn án. Ó fẹ́ sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà, kò sì lè to orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀. Ẹ kàn ṣàkíyèsí iṣẹ́ tí "generally" ń ṣe níbẹ̀: ó ń sọ iye àwọn tó fara pamọ́ fún wa, láì sí ẹni tó kà wọ́n.

Passive tó mọ́ sì pọ̀. "Cocoa House was officially opened in 1965." Kò sẹ́ni tó nílò orúkọ gbogbo àwọn tó wà níbi ayẹyẹ náà ní Ìbàdàn kí ó tó lóye gbólóhùn yìí. "Officially" kò yin ẹnikẹ́ni. Ó ya ọjọ́ ayẹyẹ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tó ní iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́tà wa náà. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, kí àbúrò mi tó sùn, ó sọ ẹni tó ti òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, èyí tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí wọ́n jọ ń pín pọ́fù-pọ́fù jẹ. Eré ni wọ́n ń sá lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ṣubú lù ú. Bàbá mi ní, "Ó dáa bí wọn kò ṣe dárúkọ ọmọ yẹn." Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni òun náà. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú lẹ́tà, àwọn ará ilé wa kan ì bá ti lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Níbẹ̀, passive náà bo ọmọ kékeré kan, "accidentally" sì jẹ́ òtítọ́. Gírámà kan náà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nínú lẹ́tà kan ṣoṣo: ó ṣàánú lẹ́ẹ̀kan, ó yin ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì purọ́ lẹ́ẹ̀kan. Òfin tó bá ní kí a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ yóò pa àánú náà mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a gbé àbúrò mi lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà yà á ní àwòrán, ó ní egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kan ti sán, wọ́n sì fi POP dì í. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bàbá mi pè mí kí n wá kọ èsì lẹ́tà náà. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Yorùbá, mo ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó tọ́jú ọmọ wọn, aago tó ṣe é, àti orúkọ ẹni tó ṣe ìwádìí. Mo rántí bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti kọ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ báyìí: "It is respectfully requested that..."

"Kí lo kọ?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn: "Wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ béèrè pé..."

"Ta ni wọ́n? Ṣé o ò rí mi níbí ni? Èmi ni mo ń béèrè."

Mo fa igi lé e, mo kọ "I respectfully request." Mo wá bi wọ́n bóyá kí n yọ "respectfully" náà kúrò, níwọ̀n ìgbà tí inú ṣì ń bí wọn.

"Rárá, fi sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Tèmi ni ìyẹn."